Lẹ́tà Lárúbáwá nínú àwòrán òde òní: ẹ mọ̀ ọ́n wọ̀n kí ẹ tó fọ́ ọ

Ìbéèrè: Mo ka kéú títí mo fi ṣe wòlímọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀dà akírílíìkì kun àwòrán lórí kánfáàsì. Mo rí iṣẹ́ Ibrahim El-Salahi àti ti eL Seed, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá ṣe àwòrán, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wù mí kí n máa lo lẹ́tà Lárúbáwá nínú iṣẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dán an wò, ọwọ́ ọmọ kéú lórí wàláà ló máa ń jọ. Kí ló ń fà á? Ṣé kí n kúkú máa lo fọ́ńtì orí kọ̀ǹpútà ni? Ṣé ó sì bójú mu kí n kọ áyà Kùránì sára àwòrán?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ohun tó ń da iṣẹ́ yín rú kò pọ̀. Ẹ mọ lẹ́tà kà, ẹ mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ilé kéú kọ́ yín láti ya báù sọ́tọ̀ lára táù kí àfáà lè kà á láìkọsẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ti ṣe é. Bí báù ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ibi tó ti gbọ́dọ̀ nípọn àti ibi tó ti gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, ẹ̀kọ́ mìíràn ni. Bí lẹ́tà tí kò níwọ̀n bá wà lórí wàláà, kò sẹ́ni tó máa rí i sí. Tí ẹ bá gbé e sórí kánfáàsì tó fẹ̀ ní mítà kan, àbùkù rẹ̀ ni ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ rí.

Ibn Muqla, ẹni tó ṣe wàsírì (olórí ìjòyè) fún àwọn kálífà ní Bàgídáádì, tó sì kú ní 940, ni àwọn akọ̀wé máa ń dárúkọ fún ètò ìwọ̀n yìí. Ẹ tẹ ojú kálámù, ìyẹn gègé tí wọ́n gbẹ́, mọ́ pépà, kí ẹ fà á sísàlẹ̀ níwọ̀n bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀. Ẹ máa rí tóótó onígun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó kan dúró. Tóótó yẹn ni wọ́n fi ń wọn gbogbo lẹ́tà. Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé tó ń jẹ́ thuluth, alífù ga tó tóótó méje tí wọ́n tò léra. Nínú naskh, ó ga tó márùn-ún. Tí ẹ bá wá fi alífù yẹn ṣe ìlà tó gba àárín òbìrí kọjá, ara òbìrí náà ni ìtẹ̀kọrọdọ núùnù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jáde. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ọ̀gá kan fi ń bára wọn mu, yálà ó fi kálámù tín-ín-rín kọ ọ́ tàbí ó fi pákó. Ẹ mú iṣẹ́ yín kan tó ti gbẹ, kí ẹ fi kálámù tó fẹ̀ bíi ti ìlà ibẹ̀ to tóótó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alífù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé ọ̀kan ga tó mẹ́fà, èkejì tó mẹ́jọ ààbọ̀. Ohun tó ń jọ ọwọ́ ọmọ kéú lójú yín nìyẹn.

Ní ti irú ọwọ́ tí ẹ máa kọ́, naskh ni ojú yín ti mọ́ jù, nítorí òun ni Uthman Taha fi kọ Kùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ó dára fún ojú ewé, àmọ́ ara rẹ̀ balẹ̀ jù fún àwòrán ńlá. Thuluth ni mo fẹ́ kí ẹ mú. Lẹ́tà rẹ̀ ga, ó ń yí, wọ́n lè gun ara wọn léjìká láìdàrú, ó sì le débi pé ẹni tó bá gbà á tán kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó tètè yọrí sí iṣẹ́, ẹ fi ọwọ́ tó ń jẹ́ kufi onígun mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: rúlà àti pépà oní-sìkúọ̀ ló ń fẹ́, òfin rẹ̀ sì ni pé kí ìlà dúdú àti funfun tó wà láàárín wọn fẹ̀ dọ́gba.

Ọwọ́ kẹta wà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa kì í fojú sí, ó sì ń dùn mí. Ọwọ́ àwọn àfáà àtijọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni mò ń sọ, èyí tí fáù rẹ̀ ní tóótó kan lábẹ́, tí kọ́ọ̀fù rẹ̀ sì ní ẹyọ kan péré lókè dípò méjì. Ìlà rẹ̀ ki, kò bẹ̀rù ibi tó ṣófo. Irú ọwọ́ yìí ló wà nínú àwọn ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àti Hausa ní Salvador, ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Malê (orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ẹrú Mùsùlùmí níbẹ̀) ní oṣù January 1835. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ Bàhíà títí dòní. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ ìwọ̀n nínú thuluth, ẹ padà wá síbẹ̀. Àwòrán òde òní tí a lè fà yọ níbẹ̀ ṣì pọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká gbé kálámù. Pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ń lò lórí wàláà rọ̀, ó ń mu tàdáà, ojú rẹ̀ á sì ti kú kí ẹ tó kọ ìlà díẹ̀. Ìfèéfèé gbígbẹ tàbí ọparun ló dára. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20, kó nípọn bíi ìka ọmọńdinrín, kí oríkèé má sì sí níbi tí ẹ máa gbẹ́ lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú dáadáa gé e ní ìdagun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ há inú rẹ̀ títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ bó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba títí ojú rẹ̀ á fi ku mìlímítà 3. Èyí tó bá kéré ju 2 lọ máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní rí ohun tó yẹ kó tún ṣe. Ẹ là á láàárín gẹ́rẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí tàdáà lè máa rìn wá. Ìkẹyìn ni ṣíṣá ojú rẹ̀: ẹ gbé e lé egungun tàbí ike líle, kí ẹ tẹ ọ̀bẹ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìdagun ìwọ̀n 30 sí 35. Tí ẹ bá fi ayùn lọ́ọ lọ́ọ gé e, etí rẹ̀ á gbọn irun, ìlà tín-ín-rín yín á sì rí jágajàga. Tí lílà àárín bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá kan ìlà á dúdú, apá kejì á gbẹ. Ọ̀pọ̀ gègé onírin tí wọ́n ń tà fún lẹ́tà Òyìnbó, ojú wọn tẹ́ gbọọrọ, wọn kò ní ìdagun yìí. Ẹni tó bá fi wọ́n kọ thuluth á máa yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kiri, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ní tọ́ láéláé.

Tàdáà wàláà, ńṣe ni wọ́n ṣe é kó lè fọ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi omi rẹ̀ ṣe hàntú. Ti orí pépà gbọ́dọ̀ di pépà mú. Dúdú èéfín àtùpà àti gọ́ọ̀mù tí àwọn Hausa ń pè ní ƙaro ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rẹ gọ́ọ̀mù ṣíbí ìjẹun 2 sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣíbí 6, kó sun inú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ mú dúdú èéfín ṣíbí 1 sínú odó kékeré, kí ẹ máa kán gọ́ọ̀mù sí i díẹ̀ díẹ̀. Ẹ má da omi lásán sí i lákọ̀ọ́kọ́, nítorí dúdú èéfín kì í gba omi, orí rẹ̀ ló máa léfòó sí. Lílọ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an. Wákàtí méjì kò pọ̀ jù, kí ẹ tó wá fi omi dẹ̀ ẹ́. Tí ó bá gbẹ tán tó ń bọ́ bí àtíkè nígbà tí ẹ fi ìka pa á, gọ́ọ̀mù kò tó. Tí ó bá ń dán tó sì ń sán, gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù. Ẹ fi fọ́nrán sílíìkì díẹ̀ sínú ìgò tàdáà, kálámù á máa kan sílíìkì náà dípò kó rì sínú tàdáà, kò sì ní kán sílẹ̀ lójijì. Tàdáà inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọnà dára fún bọ́rọ́ọ̀ṣì, àmọ́ tó bá gbẹ mọ́ kálámù kì í ṣí mọ́, nítorí náà ẹ máa fọ kálámù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Pépà fọ́tókópì máa ń fa tàdáà ká, etí lẹ́tà á sì wú. Àwọn akọ̀wé Ìsìtáńbúùlù máa ń fi sítáàṣì tàbí funfun ẹyin tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù pò kun pépà, wọn á sì fi òkúta dídán lọ̀ ọ́ títí á fi máa kọ mọ̀nà. Ẹ lè ṣe é nílé: funfun ẹyin 3, álọ́ọ̀mù tó tó èékánná àtàǹpàkò, ẹ pò ó títí tó fi hó, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi kànrìnkàn rírọ̀ pa á lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ lọ̀ ọ́, nítorí tó bá le tán, sísán ló máa sán. Àǹfààní rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ ni tàdáà máa dúró sí, ẹ lè fi ìka tútù nu àṣìṣe kúrò. Tí ẹ kò bá ráyè gbogbo èyí, pépà dídán tí wọ́n fi ń ṣe kàlẹ́ńdà tó fún ìdánrawò.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ètò ìkọ́ni àwọn Ottoman (ìjọba Tọ́kì àtijọ́) ni Rabbi yassir wa lā tuʿassir, Rabbi tammim bil-khayr, pé kí Olúwa mú un rọrùn, kó má ṣe é ní líle, kó sì fi oore parí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ máa fi tóótó wọ̀n ọ́. Ohun kan wà tí ọmọ kéú mọ̀ tí àwọn tó kàn ń ya àwòrán lẹ́tà kì í mọ̀: alífù, dáálì, sáálì, ráù, sáì àti wáù kì í fà mọ́ lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà àwòrán ti yín láti so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Láti pépà dé kánfáàsì ńkọ́? Kì í ṣe ìfàlẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà ńlá. Àwọn àwo òbìrí tí Kazasker Mustafa İzzet kọ sínú mọ́sáláṣí Ayasofya ní Ìsìtáńbúùlù ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún fẹ̀ tó mítà 7.5 láti etí dé etí. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kékeré ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ kọ ọ́, wọ́n á wá fi sìkúọ̀ sọ ọ́ di ńlá. Fún iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n, wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ lu etí lẹ́tà ní ihò wínníwínní, kí wọ́n tó fi eruku èédú gbọn ún sára ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n á wá kùn ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú akírílíìkì. Ẹ kọ́kọ́ fi gesso (ọ̀dà funfun ìpìlẹ̀) kun kánfáàsì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi sáńdípépà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ha á láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìhun kánfáàsì ló máa ń ya etí ìlà. Bọ́rọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi kun etí, kí ẹ máa yí kánfáàsì, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Ó kan àwọn tí ẹ dárúkọ. Inú ilé tí bàbá El-Salahi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì, ní Omdurman, ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan lẹ́tà. Ó kàwé ní Slade, ilé ẹ̀kọ́ ọnà kan ní London, láti 1954 sí 1957. Nígbà tó padà dé Sudan tó ṣe àfihàn àwọn àwòrán tó yà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ kò yà sí i. Ó bá rin ìlú káàkiri, ó rí i pé lẹ́tà àti ọnà ara ẹní, ara agbè àti ara ògiri ni àwọn èèyàn fi ń ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lẹ́tà: kì í wo ìlà dúdú nìkan mọ́, ó ń wo funfun tó wà láàárín, ojú èèyàn, ẹranko àti ẹ̀dá mìíràn sì ń yọ níbẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ló gbájú mọ́ fún àkókò yẹn, dúdú, funfun, àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ẹ wo Reborn Sounds of Childhood Dreams I (1961 sí 1965), tó wà ní ilé àkójọ ọnà Tate, ẹ máa rí i. Òun, Ahmed Shibrain àti Osman Waqialla, tó kọ́ ìkọ̀wé ọnà ní Káírò, ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Khartoum. El-Salahi kò sì jìnnà sí wa: ó bá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn, ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ohun tó ṣe yẹn ṣeé kọ́. Ẹ mú lẹ́tà kan péré, áìnì tàbí háù ló dára jù torí inú wọn ní ihò. Ẹ kọ ọ́ níwọ̀n lórí pépà mélòó kan ní titóbi oríṣiríṣi. Ẹ wá fi pépà tó hàn gedegbe bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya funfun inú àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan, ẹ má fọwọ́ kan dúdú. Ẹ gé àwọn funfun náà jáde, kí ẹ tò wọ́n sórí kánfáàsì. Àwòrán tó bá ti ibẹ̀ jáde á ní egungun lẹ́tà nínú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lè kà á. Tí ẹ bá fi lẹ́tà tí kò níwọ̀n ṣe ìdánwò yìí kan náà, funfun rẹ̀ á rí wúruwùru, kò sì ní ní agbára kankan; ẹ ṣe méjèèjì kí ẹ fi wéra.

Hassan Massoudy, tí wọ́n bí ní Najaf ní 1944, tó sì ń gbé Paris láti 1969, gba ọ̀nà mìíràn: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á gba àárín pépà, ńlá, aláwọ̀ títàn, tó fi ohun èlò fífẹ̀ fà, odindi gbólóhùn tó ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ètò yìí ni mo gbà níyànjú jù, torí ó gba ọwọ́ yín láyè, òǹkàwé sì rí ohun kà. Nja Mahdaoui ará Tùnísíà ní tirẹ̀ ń fi ìrísí lẹ́tà kún ojú awọ àti pépà láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìyẹn tọ́, torí kò díbọ́n pé ó sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ gidi tí wọ́n kọ lódì ni kò tọ́.

eL Seed, ọmọ Tùnísíà tí wọ́n bí ní Faransé ní 1981, kò gba ìjásà (ìwé àṣẹ akọ̀wé) lọ́wọ́ olùkọ́ ìkọ̀wé kankan bíi ti àtijọ́; ọwọ́ tirẹ̀ ló fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ láti inú àwòrán ara ògiri. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín pé ìjásà pọndandan. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe ní Manshiyat Nasr, àdúgbò àwọn akódọ̀tí ní Káírò, ní 2016: nǹkan bí ilé 50 ni lẹ́tà náà gbà kọjá, ó sì di odindi òbìrí kan nígbà tí èèyàn bá wò ó láti orí òkè Mokattam. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ yẹ̀ lára ilé kan, òbìrí náà kò ní pé. Àyọlò ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà bá àdúgbò mu: àwọn Kírísítẹ́nì Kópítì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà láyé àtijọ́, ló sì kọ, pé ẹni tó bá fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kedere gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀.

Ní ti fọ́ńtì, ẹ lò ó láti fi yẹ sípẹ́lì wò, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà fọ́ńtì kò mọ ẹni tó jókòó tì í, a ti dá ìwọ̀n rẹ̀ dúró síbì kan; olóye ọnà á dá a mọ̀ lójú kan náà. Ewu tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kò ṣí apá èdè Lárúbáwá rẹ̀ máa ń tú lẹ́tà ká, á sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Nínú Photoshop àti Illustrator, ẹ lọ sí ibi ètò ọ̀rọ̀ kíkọ, kí ẹ yan ti Middle East. Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń gé sténsù tàbí tí ẹ ń tẹ̀ sára aṣọ, torí lẹ́tà máa ń dojú kọ ẹ̀yìn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ áyà Kùránì: èrò àwọn olùmọ̀ ẹ̀sìn kò papọ̀ lórí rẹ̀, ẹ bi àfáà tí ẹ gbọ́kàn lé. Ohun tí mo lè sọ bí oníṣẹ́ ni pé tí ẹ bá máa kọ ọ́, kó pé, kí ẹ dà á kọ láti inú Kùránì tí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wẹ àlùwàlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọ́ áyà. Ẹ má kọ ọ́ sára ohun tí èèyàn máa jókòó lé, wọ̀ tàbí tẹ̀. Ní January 1994, Karl Lagerfeld gbé aṣọ kan jáde fún ilé iṣẹ́ aṣọ Chanel tí wọ́n kọ áyà sí àyà rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ewì ìfẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì ba àwọn aṣọ ọ̀hún jẹ́. Ibi tí kíkọ ohun tí èèyàn kò lè kà ń gbéni dé nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ́ lẹ́tà bó ṣe wù yín, ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn: àdúà, ewì, orúkọ ìlú, tàbí Yorùbá gan-an ní áńjẹ̀mí. Àwọn baba wa ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá tipẹ́. Gb, p, ẹ àti ọ kò ní lẹ́tà tiwọn níbẹ̀, kò sì sí ìlànà kan ṣoṣo, oníkálukú ló ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Ìṣòro yẹn jẹ́ ìṣòro fún akọ̀wé, ṣùgbọ́n fún ayàwòrán, àyè ni. Oríkì ìdílé yín ní áńjẹ̀mí, pẹ̀lú fáù tó ní tóótó lábẹ́, ẹ kò ní rí irú rẹ̀ ní Paris tàbí ní Dubai.

Tí kánfáàsì bá gbẹ tán, ẹ yí i padà kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ohun tó wà lójú rẹ̀ sẹ́yìn: ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà tó ṣeé kà, ibi tí ẹ ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ọfà tó tọ́ka sókè. Ọ̀pọ̀ tó máa rà á kò lè ka Lárúbáwá, wọ́n lè fi orí rẹ̀ sísàlẹ̀ kọ́ ọ sára ògiri.